Ẹ̀rọ Ìdáná Láti Òkè Òkun: Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Tan Iná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yìí bá iná ẹ̀lẹ́tíríìkì mu rẹ́gí.

Ká ní ìdílé kan ń gbé nítòsí Paparanda, ní ìlú Lọ́kọ́jà tí Odò Ọya ti pàdé Odò Bẹ́núé. Ọmọ wọn tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà fi kẹ́tù iná ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò wọ ihò iná ara ògiri, wọ́n bá ra èyí tí a fi ń so ó pọ̀ lọ́jà. Kí omi tó hó, èéfín ti gba ilé ìdáná. Ìyá kò sì ní fẹ́ sọ fún ọmọ pé ẹ̀bùn rẹ̀ ti jóná. Ọwọ́ ayé kọ́ ni o, àìmọ̀ ni.

Fóólítì ni a fi ń wọn agbára tí ń ti iná gba inú wáyà. Ní Amẹ́ríkà, 120 ni. Ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 230 ni. Bí fóólítì bá di ìlọ́po méjì, ooru a di ìlọ́po mẹ́rin. Kẹ́tù tí a ṣe fún wáàtì 1,000 yóò wá máa fa ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000. Ohun tí a fi so ẹnu wáyà pọ̀ kò dín agbára iná kù rárá. Sítábíláísà náà kò sọ 230 di 120. Tíráńsífọ́mà tí ń dín iná kù nìkan ni ó lè ṣe é, wáàtì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Ti kẹ́tù a máa wúwo, owó rẹ̀ sì lè ju ti kẹ́tù tuntun lọ.

Ohun kejì tún wà. Iná Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Tíráńsífọ́mà kò lè yí èyí padà. Kò dí kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, nítorí ooru nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n fíríìjì àti microwave tí a ṣe fún 60 nìkan lè gbóná kọjá ààlà. Aago ara ẹ̀rọ ìdáná tí ń ka ìlọbọ̀ iná yóò fi ìṣẹ́jú 10 fà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Kí àwọn tí ń ti Mẹ́kà bọ̀ kíyè sí i pẹ̀lú: 60 ni ti Saudi Arabia.

Báwo ni a óò ṣe mọ̀? Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ ka ìwé ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “100–240V, 50/60Hz”, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ “220–240V, 50Hz”, ti ilé wa nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ “120V, 60Hz” nìkan, ẹ má tan án. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lókè òkun kí wọ́n tó náwó. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.