Akọ kú tán, ó ṣì ń bímọ! Iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n ń fi àtọ̀ àgbọ̀nrín ṣe

Ẹ má rò pé àwàdà ni mo fẹ́ ṣe o. Bí mo ṣe sọ fún bàbá onílé mi ní Ṣàngótẹ̀dó pé àwọn onímọ̀ ń gba àtọ̀ akọ àgbọ̀nrín pamọ́ sínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rín ni bàbá bú sí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àgbọ̀nrín ò mọ bó ṣe ń gun abo mọ́ ni?"

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ẹranko kan ti kù díẹ̀ débi pé gbogbo èyí tó wà nínú ọgbà ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bí irú wọn bá ń gun ara wọn, ọmọ wọn kì í lágbára, òmíràn kì í tilẹ̀ yè. Kí wọ́n wá gbé akọ tuntun láti ìlú òkèèrè, owó ńlá ni, ìpayà sì lè pa á sójú ọ̀nà. Àtọ̀ ló rọrùn láti gbé.

Wọ́n á kọ́kọ́ fún akọ ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á gba àtọ̀ lára rẹ̀, wọ́n á fi pupa ẹyin adìẹ àti gílísérìn pò ó kí òtútù má baà pa á. Ó di inú páìpù tín-ín-rín, ó di inú náítírójìn olómi. Òtútù ibẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n Celsius 196 nísàlẹ̀ òdo! Fìríìsà àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Ajah, eré ọmọdé ni. Akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pàápàá wúlò, bí wọ́n bá tètè yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀.

Àgbọ̀nrín Éṣíà kan wà tó ń jẹ́ Eld's deer, tó ti fẹ́ẹ̀ run. Àwọn onímọ̀ Smithsonian ní Amẹ́ríkà fi àtọ̀ dídì sí abo rẹ̀ lára, ó sì lóyún. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1993. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní oògùn o. Ní LUTH wa níbí, ní 1989, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru ti mú kí wọ́n bí ọmọ ènìyàn tí oyún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ìgò.

Àmọ́ àtọ̀ inú agolo kò lè dá lóyún. Ó nílò abo tó wà láàyè, abo náà sì nílò igbó. Ẹ wo oryx, ìbátan àgbọ̀nrín tiwa, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí idà. Ó wà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, lápá òkè ọ̀hún. Ìbọn àti ọ̀dá lé e títí tí wọ́n fi kéde ní 2000 pé kò sí èyíkéyìí mọ́ nínú igbó. Ọpẹ́lọpẹ́ èyí tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà, ni wọ́n fi rí òmíràn dá padà sí Chad ní 2016.

Ní tiwa, igbó Lekki tí àjọ NCF ń tọ́jú láti 1990, lápá Chevron, hẹ́kítà 78 péré ni. Ilé ló yí i ká.

Mo wá bi bàbá onílé pé níbo ni wọ́n ti rí àgbọ̀nrín kẹ́yìn. Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ o. Inú abọ́ ọbẹ̀ ni."