Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Mọ Lẹ́tà Yorùbá

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ mọ̀ pé àmì orí lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọkọ ló ń fẹ́ ìyàwó. Ọkọ̀ là ń wọ̀ lọ sọ́jà. Ọkọ́ la fi ń ro oko. Bí a bá wá kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Báwo ni yóò ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ní 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ètò kan tí à ń pè ní ASCII. Nọ́ńbà 128 péré ló ní. Kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ wa níbẹ̀. Ní 1991 ni ètò Unicode jáde, kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé lè ní nọ́ńbà.

Nínú Unicode, o ni 111, ọ sì ni 7885. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, 803. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ: 7885 nìkan, tàbí 111 kí 803 tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni.

Níbí ni wàhálà wà. Ẹ wo orúkọ yìí: Ọlá. Ọ̀nà kan, nọ́ńbà mẹ́ta ni. Ọ̀nà kejì, nọ́ńbà márùn-ún ni. Bí a bá fi ọ̀nà kan kọ ọ́ sílẹ̀, tí akọ̀wé sì fi ọ̀nà kejì wá a, ẹ̀rọ lè sọ pé, “Kò sí.” Bẹ́ẹ̀ Ọlá wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀!

Àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kò ka Ọlá bákan náà. Python ń ka nọ́ńbà: 3 tàbí 5. Go ń ka ààyè tí ọ̀rọ̀ gbà nínú ẹ̀rọ: 6 tàbí 7. Swift ń ka lẹ́tà bí ojú ṣe rí i: 3 ni ọ̀nà méjèèjì, ó sì gbà pé orúkọ kan náà ni wọ́n.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí a tó fi orúkọ méjì wé ara wọn, kí a kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan. Python àti JavaScript ní àṣẹ fún èyí. Normalize ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kan a máa bọ́ gbogbo àmì dànù. Èyí kò dára, nítorí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ yóò di ọ̀kan.

Bí wọ́n bá sọ fún yín ní ọ́fíìsì pé orúkọ yín kò sí, ẹ má ṣe yára padà sílé. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ìwé yín wá a.

Ìbéèrè
1. Kí ni nọ́ńbà ọ nínú Unicode?
2. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a bọ́ àmì dànù?