Níbo Ni Omi Ẹ̀gbin Ìlú Kékeré Ń Gbà Lọ?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń mu omi kò gbọdọ̀ tijú àtigbọ́ ọ. Bí a bá wẹ̀ tán, tí a fọṣọ tán, tí a sì lo ilé ìgbẹ́, ibo ni omi náà ń gbà lọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìfisìn-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, ṣe àpẹẹrẹ. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ibi tí yóò da ẹ̀gbin tirẹ̀ sí. Láyé àtijọ́, ààtàn àti igbó ẹ̀yìnkùlé ni. Lẹ́yìn náà ni ṣáláńgá dé, tí wolé-wolé sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí ó yá, táńkì abẹ́ ilẹ̀ dé.

Nínú táńkì yìí, ohun tí ó wúwo a rì sí ìsàlẹ̀, ọ̀rá a léfòó, àwọn kòkòrò tíntìnrín tí kò nílò afẹ́fẹ́ a sì máa jẹ èyí tí ó rì. Omi tí ó kù a ṣàn lọ sínú sọ́kàwéè, kí ilẹ̀ lè fà á mu. Omi náà lè dà bí èyí tí ó tòrò, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń parí iṣẹ́ náà.

Ibí gan-an ni ìṣòro wà. Orí àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì jókòó lé. Níbi tí erùpẹ̀ kò bá ti jìn, omi ẹ̀gbin kì í rí ohun tí yóò sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Ó lè gba pàlàpálá òkúta lọ tààrà sínú kànga. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń gbani nímọ̀ràn pé kí kànga fi mítà 30, ó kéré tán, jìnnà sí ṣáláńgá. Nínú agbo ilé tí a kọ́ mọ́ra, ṣáláńgá ẹnì kan ti di ọ̀ràn aládùúgbò rẹ̀. Àrùn onígbáméjì, tí ó wọ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, kò mọ ààlà ilẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá bí ti Wupa ní Àbújá. Ó yẹ olú-ìlú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ibẹ̀, iná mànàmáná ni ẹ̀rọ sì ń jẹ. Àpẹẹrẹ tí ó bá wa mu wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀: adágún ni wọ́n gbẹ́ fún omi ẹ̀gbin ọgbà náà. Nínú irú adágún bẹ́ẹ̀, oòrùn ni ẹ̀rọ. Àwọn ewé omi tíntìnrín ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn sílẹ̀; àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀gbin ń lo ọ́síjìn náà; ìtànṣán oòrùn àti ọjọ́ pípẹ́ sì ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ni ó ń gbà, kò gba iná. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ń kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, yóò di irà lásán.

A kò sọ pé kí Ìfisìn ri páìpù sí gbogbo òpópónà. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí onílé máa pe ọkọ̀ tí ń fa ṣáláńgá kí táńkì tó kún, kí àwọn ìlú inú ìjọba ìbílẹ̀ náà, bí Ìfisìn, Ìdó àti Ùsì, sì pawọ́ pọ̀ ní adágún kan tí ọkọ̀ náà yóò máa da ẹrù rẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ bá fà á nílé ẹnì kan, tí ó lọ dà á sínú odò, ibi tí a ti wà náà ni a ṣì wà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé yín. Ẹ fún àwọn ọmọ ní okùn ìwọ̀n, kí wọ́n wọn àárín kànga àti ilé ìgbẹ́, kí wọ́n sì wo èyí tí ó wà lókè nínú méjèèjì. Bí kò bá tó mítà 30, tàbí bí ilé ìgbẹ́ bá wà lókè kànga, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó gbé lọ síwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́.