Awọ Ara Ni Wọ́n Ń Wọ̀n, Ọkàn Ni Wọ́n Ń Wá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sáré ìje ní London, Toronto tàbí Houston, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní kí ẹ dùbúlẹ̀ rí, kí wọ́n lẹ nǹkan pélébé pélébé mọ́ yín láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kí bébà onílà sì jáde láti inú ẹ̀rọ. ECG nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọkàn fúnra rẹ̀ ni bébà yẹn fi hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dé awọ ara ni ẹ̀rọ náà wọ̀n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn, wọ́n ń fòye gbé e ni.

Kí ọkàn tó lù, iná mànàmáná kékeré kan máa ń ṣẹ́ yọ lápá òkè rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, á sì tàn ká inú rẹ̀. Ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ ń gbé iná, nítorí náà díẹ̀ ń dé awọ wa. Díẹ̀ ni o, bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fólítì. Ilé ìwòsàn St Mary's ní London ni Augustus Waller ti wọ̀n ọ́n lára ènìyàn ní 1887. Ó tún ní ajá kan, Jimmy, tó máa ń ti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀ kí wọ́n lè fi ìlù ọkàn rẹ̀ han èrò. Ní 1909, ọ̀rọ̀ ajá yìí dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pé ṣé wọn kò máa fìyà jẹ ẹ́!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ká ní wọ́n ń ṣe ìnáwó nílé kejì, tí ẹ ń gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ ó mọ̀ bóyá ìlù náà yá. Àmọ́ ṣé gángan mẹ́ta ni, àbí ẹyọ kan tó sún mọ́ ògiri? Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, ti fi hàn ní 1853 pé iná kan náà tí a rí lójú ara lè ti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi orísun nínú wá.

ECG tó wọ́pọ̀ ń lo ohun alálẹ̀mọ́ 10. Yoram Rudy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀nà kan tó ń jẹ́ ECGI, èyí tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ lára ènìyàn jáde ní 2004. Aláìsàn á wọ ẹ̀wù bíi síńgílẹ́ẹ̀tì tí ojú ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 200. Àwòrán CT á sọ ibi tí ọkàn wà sí ojú kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò padà láti awọ dé ọkàn. Ó lè tọ́ka sí ibi tí ìlù ségesège ti ń bẹ̀rẹ̀, kí dókítà tó ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan lọ jó ibẹ̀.

Ìfojúbù ṣì ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019, àwọn dókítà fi máàpù ECGI wé èyí tí wáyà yà nígbà tó fọwọ́ kan ọkàn gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni méjèèjì kò bára mu. Lójú tiwa, ẹ̀wù náà wúlò, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ó ń “rí” ọkàn ti bù mọ́ ọn.

Ẹni tó ń ka bébà náà ṣe pàtàkì bákan náà. Lára àwọn eléré ìdárayá aláwọ̀ dúdú, ìgbì T lè dorí kodò ní ojú mẹ́rin àkọ́kọ́ láyà, lẹ́yìn tí ìlà tó ṣáájú rẹ̀ ti ga sókè. Ìlànà àgbáyé ti 2017 kà á sí ohun tí kò léwu bí kò bá sí àmì àìsàn tàbí ìtàn àrùn ọkàn nínú ẹbí. Bó bá kọjá ojú kẹrin, àyẹ̀wò mìíràn di dandan. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá yín dúró nítorí ECG, ẹ béèrè bóyá ẹni tó kà á mọ ìlànà yìí, ẹ má sì padà sórí pápá kí wọ́n tó dáhùn. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi dádì àti mọ́mì léèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí nílé ṣubú lulẹ̀ lójijì, tó sì kú ní kékeré. Wọ́n lè má fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n dókítà máa béèrè.