Àpò aṣọ alábala: ìwé àwòṣe ló ń sọ ọ́ di òwò

Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin tó de àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà jáde ní orílẹ̀-èdè Benin. Òfin náà ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ àpò aṣọ rán. Ṣùgbọ́n àpò kan ṣoṣo tó dára kò tíì di òwò. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní kí ẹ rán mẹ́wàá tó bára mu ni ẹ ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ti dúró.

Àpò tí à ń sọ yìí ni èyí tí ara rẹ̀ nípọn: aṣọ tó rẹwà lóde, kúbùsù àlòkù láàárín, aṣọ àlòkù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, tí a wá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ìlà-ìlà. Kì í tètè ya, ó sì máa ń dúró dáadáa bí a bá kó ẹrù sí i.

Rírán aṣọ mọ́ aṣọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti wo Eégún rí ti rí bí wọ́n ṣe ń to ìrépé aṣọ oríṣiríṣi lé ara wọn. Ní Àgbómẹ̀ náà, àwọn aránṣọ tó ń lẹ àwòrán kìnnìún ọba Glele àti ẹfọ̀n ọba Guezo mọ́ aṣọ máa ń ní àwòṣe tí wọ́n fi ń gé e, kí tòní lè jọ tàná. Àwòṣe yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rán àpò nílé kò ní. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìwé àwòṣe ni àwọn aránṣọ tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní patron. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì tó mọ́ tàbí páálí dára fún un. Ẹ ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41. Ní igun méjì ìsàlẹ̀, ẹ gé onígun mẹ́rin kékeré, 5 sí 5, kúrò. Àpò tó máa jáde yóò fẹ̀ ní 28, yóò ga ní 33, ìdí rẹ̀ yóò sì fẹ̀ ní 10. Àlékún 1 àbọ̀ fún ojú rírán ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀n yìí sára ìwé náà.

Aṣọ tuntun máa ń fún. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ sá a, kí ẹ tó gé e. Aṣọ ọ̀pá méjì gùn tó 183. Bí ó bá fẹ̀ tó 115, kódà bí ó bá fún díẹ̀, ègé 44 sí 44 mẹ́jọ yóò jáde nínú rẹ̀, ìyẹn ara àpò mẹ́rin. Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò tó fún okùn ọwọ́ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 8, tó sì gùn ní 55. Ẹni tó fi ojú wọ̀n ọ́n lè má rí ju àpò mẹ́ta lọ.

Kí ló dé tí a fi gé e ní 44, nígbà tí ìwé jẹ́ 41? Rírán ìlà-ìlà máa ń fa aṣọ pọ̀. Ẹ to ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi abẹ́rẹ́ dè é, kí ẹ wá rán ìlà kan ní sẹ̀ǹtímítà 5-5. Láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí aṣọ má baà wú. Abẹ́rẹ́ 90 tàbí 100 ló yẹ ẹ́. Ìgbà tí ẹ bá rán an tán ni kí ẹ tó gbé ìwé lé e, kí ẹ gé e sí 41.

Ẹ ká okùn ọwọ́ sí mẹ́rin, ẹ rán an, kí ẹ so orí rẹ̀ mọ́ ẹnu ara àpò kọ̀ọ̀kan, ní 12 sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ ojú ègé méjèèjì síra wọn, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ àti ìdí. Ní igun tí a gé, ẹ mú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ bá ti ìdí, kí ẹ rán an pa. Ìwé kan náà ni kí ẹ fi gé aṣọ inú, ẹ rán an bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàfo 15 sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Ẹ yí ara àpò sóde, ẹ tì í bọ inú aṣọ inú kí ojú kọ ojú, ẹ rán ẹnu wọn yíká. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde láti inú àlàfo, kí ẹ dí i.

Ẹni tí kò ní owó aṣọ odindi lè gba ìrépé lọ́wọ́ aránṣọ. Ẹ gé páálí 10 àbọ̀ sí 10 àbọ̀ fún un. Ègé 5 lọ́nà 5, pẹ̀lú àlékún 1, yóò di 44 àti díẹ̀. Ibí yìí ni ìwé ti wúlò jù: bí ègé kọ̀ọ̀kan bá fi mìlímítà 2 péré yàtọ̀, ìlà kan yóò ti fi sẹ̀ǹtímítà kan wọ́.

Ó wá ku iye tí a ó tà á. Ká ní ohun èlò àpò kan gba 1500 CFA, tí ẹ sì lo wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ bá tà á ní 2000, 500 péré ni owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹ máa kọ owó ohun èlò àti wákàtí sẹ́yìn ìwé àwòṣe. Bí oníbàárà bá ń ná an, ẹ ó mọ ibi tí ẹ lè dé àti ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ kọjá.