Olú wo ló yẹ kó wọ ìkòkò?

Olú ti ń hù, àwọn ọmọ sì ti ń mú un wálé.

Ti ìdí ilé ikán kò rí bákan náà. Àwọn kan kéré bí bọ́tìnnì, wọ́n ń hù wìtìwìtì. Òmíràn ga, gbòǹgbò rẹ̀ gùn dé inú ilé ikán. Ẹ fọ iyanrìn rẹ̀ kúrò, ẹ sè é jinná, kí ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn olú apani wà tí wọ́n jọ èyí tí à ń jẹ. Wọ́n ní bí àlùbọ́sà kò bá dúdú nínú ìkòkò, kò léwu. Irọ́ ni! Pé kòkòrò jẹ ẹ́? Irọ́ náà ni. Oró àwọn kan wà tí iná kì í pa. Ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kí inú rírun tó dé. Ara lè tún fúyẹ́ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Èyí tí ìyá àgbà tó mọ olú kò bá dá mọ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Bí èébì bá dé, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú olú tó kù dání.

Ẹ bi ara yín nínú ẹgbẹ́: ta ló mọ olú jù lábúlé wa, ta ló sì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?