Fídíò òde kún inú fóònù fọ́fọ́: Sọ́fítíwíà wo ni èèyàn lè fi tò ó pọ̀ láì jẹ gbèsè?

Níbi ìsìnkú àgbà lóde òní, fóònù tó ń wà lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju gèlè lọ. Ọmọ olóòkú ń ya fídíò, àna ń yà á, ọmọ-ọmọ tó ti ìlú ńlá wá ń yà á, kódà ẹni tó kàn wá jẹun náà ń yà á. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, tí ìyá àgbà ilé bá béèrè pé fíìmù òde ọjọ́ náà dà, ńṣe ni àwọn ọmọ á máa wo ojú ara wọn. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà ní wẹ́wẹ́ nínú fóònù mẹ́jọ, ìṣẹ́jú méjì níbí, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́hùn-ún. Bó ṣe máa ń wà nìyẹn títí tí fóònù kan á fi bọ́ sómi, tí olè á gbé òmíràn, tí ohùn ẹni tó ki olóògbé ní oríkì á sì bá a lọ.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tó sì ní sùúrù, lè to àwọn fídíò wẹ́wẹ́ wọ̀nyí pọ̀ fúnra rẹ̀. Kò dìgbà tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lè ṣe é, ọmọ iléèwé gíga tó wá lo ìsinmi nílé náà lè ṣe é. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni irú sọ́fítíwíà tó yẹ kí wọ́n lò, àti iye tó máa ná wọn.

Kò rọrùn báyìí nígbà kan. Nígbà tí Ọlá Balógun gbé fíìmù Àjàní Ògún jáde lọ́dún 1976, tí Aiyé tó jẹ́ ti Hubert Ògúndé tẹ̀ lé e lọ́dún 1979, fíìmù gidi ni wọ́n ń fi abẹ gé, tí wọ́n ń fi téèpù lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí fíìmù fídíò gòde, ẹ̀rọ VHS méjì ni wọ́n ń so pọ̀, tí wọ́n á máa da àwòrán láti inú ọ̀kan sínú èkejì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì dà á ni àwòrán náà ń ṣá sí i. Kọ̀ǹpútà ló gba gbogbo wàhálà yẹn kúrò. Windows Movie Maker, tó ti ń bá ẹ̀rọ Windows wá láti ọdún 2000, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ iṣẹ́ náà, kí ilé iṣẹ́ Microsoft tó dá a dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ẹni tó bá ṣì ń wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ṣọ́ra. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ ESET, tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, kìlọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ti gbé ayédèrú Movie Maker síta. Ó máa ń ṣiṣẹ́ o, àfi ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ni yóò tó ní kó sanwó.

Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, Adobe Premiere ni ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dára lóòótọ́, ó sì ti wà láti ọdún 1991. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2013 ni Adobe ti sọ owó rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń san lóṣooṣù bí owó ilé. Ọjọ́ tí onítọ̀hún kò bá san, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀, Premiere Elements, tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ilé, jẹ́ ohun tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ tó sì ń di tirẹ̀. Láti orí èyí tí wọ́n pè ní 2025, ọdún mẹ́ta péré ni àṣẹ rẹ̀ ń lò. Dọ́là sì ni owó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí ojú náírà ti rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 kò nílò àlàyé.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wá ń gbà. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n mú owó táṣẹ́rẹ́ wá, òun á gbé Premiere tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ wọn. Kíráàkì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí èèyàn pa sọ́fítíwíà tó ń lé fáírọ́ọ̀sì ná. Bí ìgbà tí àlejò bá ní kí wọ́n so ajá ilé mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé lóru ni. Nínú irú kíráàkì bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tó ń ti gbogbo fáìlì pa, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, ti máa ń wọlé. Ẹni tó fẹ́ gba fídíò ìyá rẹ̀ là á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Kò sì sí ìdí fún un, nítorí àwọn ọ̀fẹ́ tó dára wà. Shotcut, Kdenlive àti OpenShot jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń kọ sọ́fítíwíà síta kí gbogbo ayé lè lò ó. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọn kì í lẹ orúkọ wọn mọ́ àárín àwòrán, ọjọ́ wọn kì í sì í pé. OpenShot ló rọrùn jù láti wò, àmọ́ ó máa ń kọsẹ̀ bí fíìmù bá gùn. Fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti pẹ́, Shotcut ló yẹ kó kọ́kọ́ gbìyànjú. Àwọn tó ṣe é sọ pé gígábáìtì mẹ́jọ ti RAM tó fún fídíò HD, kò sì jẹ dátà púpọ̀ láti gbà sílẹ̀.

DaVinci Resolve, ti ilé iṣẹ́ Blackmagic Design ní Ọsirélíà, ga ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n fi ń ṣe fíìmù ńláńlá ní Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ sì tó ẹni tó ń ṣe é fún ìgbádùn. Àgbà rẹ̀ tí wọ́n ń tà jẹ́ dọ́là 295, ìyẹn bíi 442,500 náírà bí wọ́n bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500. Kò sí ará ilé kankan tó nílò ìyẹn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni ín fẹ́ kí ẹ̀rọ ní RAM tó tó gígábáìtì 16, dátà tí èèyàn á fi gbà á sílẹ̀ sì lè ju gígábáìtì méjì lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn CapCut lórí fóònù. Ó yá, ó sì rọrùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di olówó. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà mú TikTok ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, CapCut náà kú mọ́ àwọn tó ń lò ó lọ́hùn-ún lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Clipchamp tó ń bá Windows 11 wá kò burú fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já.

Èyí tó wù kí èèyàn mú, ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ń sunkún. Fáìlì iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà ń tọ́jú kì í ṣe fídíò. Ó dà bí ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n sí. Aṣọ fúnra rẹ̀ wà níbòmíràn. Bí ẹnì kan bá pa fídíò tó wà ní fóònù rẹ́ nítorí pé ó rò pé ó ti wà nínú iṣẹ́ tí òun ń ṣe, tàbí tó yọ fúláàṣì tí fídíò wà nínú rẹ̀, sọ́fítíwíà á ní òun kò rí i mọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo fídíò inú fóònù gbogbo ẹbí sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tún da ẹ̀dà rẹ̀ sórí háàdì mìíràn, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan fídíò HD lè gba bíi mẹ́gábáìtì 130, nítorí náà wákàtí kan ń lọ sí bíi gígábáìtì mẹ́jọ. Háàdì tó tóbi ló yẹ kí wọ́n náwó lé, kì í ṣe sọ́fítíwíà.

Nígbà mìíràn, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ kì í bára mu mọ́ bí fíìmù bá ti ń lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Fóònù kì í ya àwòrán ní ìwọ̀n kan náà láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí èkejì. Shotcut máa ń rí i fúnra rẹ̀, tí yóò sì béèrè bóyá kí òun yí i padà. HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, lè ṣe é fún àwọn yòókù.

Bí iṣẹ́ bá parí, MP4 ni kí wọ́n gbé e jáde, nítorí òun ni tẹlifíṣọ̀n àti fóònù sábà máa ń kà. Bí fúláàṣì bá sì kọ̀ láti gba fíìmù náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní FAT32 ni. Kì í gba fáìlì kan tó bá ju gígábáìtì mẹ́rin lọ. Kí wọ́n yí i sí exFAT, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, tàbí kí wọ́n gé fíìmù náà sí apá kìn-ín-ní àti apá kejì.